Ilé Tí Epo Kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Yàrá kan wà nísàlẹ̀ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í mu omi. Ìyá àgbà tó mú mi wọ ibẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó sì jẹ́ ọmọ-ọmọ ẹni tó kọ́ ilé náà, da omi díẹ̀ sílẹ̀ láti inú ife ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n wò ó dáadáa. Omi náà kò tàn, kò sì rì. Ṣe ni ó ká jọ ní roboto-roboto bí ìrì orí ewé kókò, tí ó ń yí gbirigbiri lórí ilẹ̀ amọ̀ kan tí ó dúdú, tí ó sì ń dán bí awọ tí a ti fi ọwọ́ pa fún ọdún púpọ̀. "Epo ni, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò rí i kí wọ́n gbé ìkòkò epo kan wọ yàrá yìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò tíì gbàgbé."

Láti kékeré ni mo ti ń kọjá níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìlú Ọbańta, tí mo ń wo òpó gbàgẹ̀rẹ̀ wọn, àti fèrèsé wọn tó ga ju ènìyàn lọ, àti òrùlé páánù tí ìpẹtà ti sọ di aláwọ̀ osùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí léèrè pé kí ni wọ́n fi kọ́ wọn, èsì tí gbogbo wa jogún náà ni mo máa ń fọ̀, pé owó Ìjẹ̀bú ni, bí ẹni pé owó jẹ́ ohun tí ń hù ní Ìjẹ̀bú bí koríko etí ọ̀nà. Ilẹ̀ yàrá náà ló kọ́kọ́ là mí lóye pé owó náà ní orísun, pé orísun náà ní àwọ̀, ó sì ní òórùn. Àti pé ẹni tó bá fẹ́ bẹ àwọn ilé ọlọ́lá Ìjẹ̀bú-Òde wò bí ó ti yẹ, yàrá ìkẹ́rùsí ẹ̀yìn ilé ni kí ó kọ́kọ́ gbà wọlé, kí ó tó yọjú sí ẹnu-ọ̀nà iwájú níbi tí oníṣọ̀nà ti gbẹ́ òdòdó sára ìlẹ̀kùn.

Lónìí, bí a bá pe ìlú kan ní ìlú epo, epo rọ̀bì ni ọkàn olúkúlùkù máa ń sáré lọ bá. Ní Titusville, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, níbi tí Edwin Drake ti kan epo nínú kànga tó gbẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1859, wọ́n ti sọ ẹ̀bá kànga náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àlejò sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ṣùgbọ́n kí Drake tó fi irin kan ilẹ̀, epo ti ń ti etí ọ̀sà tiwa lọ sí Liverpool nínú àgbá, nítorí epo pupa ni wọ́n fi ń se ọṣẹ lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, òun náà ni wọ́n sì fi ń pa ara ẹ̀rọ àti àgbá-kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin kí ó lè máa yí geere. Ìlú epo ni Ìjẹ̀bú-Òde. Orí ọ̀pẹ ni epo tirẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá.

Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ iye tí ilé wọ̀nyí náni kò gbọdọ̀ fo ẹkù dá. Akọ̀pẹ a fi igbà kọ́ra mọ́ ọ̀pẹ, a gùn ún dé ibi tí òòyì ń kọ́ ẹni tó wà nílẹ̀ tó ń wò ó, a gé ìdì ẹyìn sọ kalẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ obìnrin ni ohun gbogbo bọ́ sí. Àwọn ni wọ́n ń já ẹyìn kúrò lára ìdì, àwọn ni wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń gún un tàbí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù, tí wọ́n ń bomi lé e títí epo yóò fi léfòó ní pípọ́n fòò. Àwọn ni wọ́n ń rẹ́ epo náà lójú omi, tí wọ́n sì tún ń dá a padà sórí iná kí omi tó kù nínú rẹ̀ lè gbẹ. Ìhá a di ohun ìdáná, ẹ̀kùrọ́ a sì dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀, kí ìyá àti ọmọ lè fi òkúta pa á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Làálàá ọjọ́ púpọ̀ ni ìkòkò epo kan ṣoṣo, kò sì sí orúkọ obìnrin kan nínú àwọn tó ṣe é tí mo tíì rí kí a gbẹ́ sára ìlẹ̀kùn ilé kankan.

Ọ̀pẹ kò fi Ìjẹ̀bú nìkan ṣe ibùgbé, nítorí ó kún ilẹ̀ Yorùbá káàkiri. Ọgbọ́n Ìjẹ̀bú ni pé ọ̀nà ni wọ́n jókòó tì. Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ti to ìlú wọn débi pé èyíkéyìí nínú ọ̀nà ilẹ̀ wọn tí ẹrù òkè bá gbà, oníbodè Ìjẹ̀bú ni yóò kọ́kọ́ kàn kí ó tó gbóòórùn ọ̀sà. Ará òkè kò gbọdọ̀ ru ẹrù rẹ̀ kọjá dé etídò, ará Èkó kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá lọ sí òkè. Kí olúkúlùkù dúró níbi tí a ti pàdé rẹ̀, kí Ìjẹ̀bú rà lọ́wọ́ èyí, kí ó tà fún tọ̀hún. Tọmọdé-tàgbà ló mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa máa ń sọ nípa ohun tí ojú àjòjì yóò rí bí ó bá wọ Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀, tí ilẹ̀ sì ṣú bá a níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ adẹ́rùbani ni, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ajé ló fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹni ń wí pé, epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́. Ìwà náà sì ti pẹ́ lára ìlú, nítorí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500 ni Duarte Pacheco Pereira ará Potogí ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìlú ńlá kan wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sà Èkó, tí yàrà ńlá yí ká, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Geebuu. Ẹni tó bá dúró lónìí nínú Erédò Súńgbọ́, yàrà tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 160, tí ògiri rẹ̀ sì ga ju ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì lọ láwọn ibòmíràn, yóò gbà pé àwọn ènìyàn yìí kò fi ọ̀ràn ẹnu bodè ṣeré.

Ejìnrìn létí ọ̀sà ni ọjà wọn tó lókìkí jù lọ wà. Bí ọjọ́ ọjà bá ti kò, ọkọ̀ Èkó a bo etídò, wọn a kó iyọ̀, aṣọ, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù sọ̀ kalẹ̀, wọn a sì kó epo àti ẹ̀kùrọ́ lọ. Ìbọn àti ẹ̀tù náà kì í pẹ́ ní Ìjẹ̀bú, nítorí ogun Kírìjì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn sì ń fẹ́ ohun tí yóò fi jà. Bí ó ti jẹ́ nìyí tí epo fi ń sọ̀ kalẹ̀, tí ìbọn ń gòkè, tí èrè ọ̀nà méjèèjì sì ń dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ohun kan wà tí n kò lè gbójú fò bí mo ti ń yin ilé wọ̀nyí tó, kò sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn wọn gbójú fò ó. Orí ènìyàn ni epo fi ń rìn. Kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí ọkọ̀ ilẹ̀, ìrìn-àjò láti ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde dé Ejìnrìn sì gùn fún ẹni tó ru ìkòkò epo; ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí tó rù ú, orí ẹrú ni, tí ogun kó láti ọ̀nà jíjìn, tàbí orí ìwọ̀fà tó ń fi ara sin gbèsè tí òun kọ́ ló jẹ ẹ́. Nígbà tí òkun kò gba ẹrú mọ́, ẹni tí ì bá kọjá sí òkè òkun ni wọ́n dá dúró sílé láti máa ru epo lọ sí etí òkun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì oníṣòwò tó ń sọ pé àwọn kórìíra òwò ẹrú, tí wọ́n sì ń gba epo náà wọ inú àgbá, wọ́n mọ orí tó rù ú wá. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn ilé tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, yàrá kéékèèké mẹ́fà wà lẹ́sẹẹsẹ lẹ́bàá ògiri àgbàlá, ìlẹ̀kùn wọn kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àgbà gbọ́dọ̀ tẹrí ba kí ó tó wọlé. Mo bi ìyá àgbà léèrè ta ló ń gbé ibẹ̀ nígbà kan. "Àwọn ènìyàn Bàbá ni," ni ó dáhùn, ó sì yí ojú sí kànga.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1892, àwọn ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀ Túnwàṣe lọ sí Èkó, àdéhùn sì wáyé láàárín wọn àti Gómìnà Carter pé ọ̀nà Ìjẹ̀bú yóò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ìjọba Èkó yóò sì máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó bodè. Kì í ṣe owó kékeré nígbà náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò ta ẹ̀mí ìlú ní iyekíye? Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá míṣọ́nnárì òyìnbó kan padà lójú ọ̀nà, Carter sì ní wọ́n ti yẹ àdéhùn. Nígbà tí oṣù Karùn-ún dé, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Ọ̀gágun Scott gbéra láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ko Ìjẹ̀bú lójú ní Ìmàgbọ̀n lẹ́bàá odò Yemọjí. Àwọn Ìjẹ̀bú jà bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim tó ń rọ̀jò ọta láìsinmi ni wọ́n dojú kọ, ìbọn tiwọn sì ń fẹ́ kí a ki í lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan. Kí oṣù náà tó parí, Gẹ̀ẹ́sì ti wà nínú Ìjẹ̀bú-Òde, bodè sì ti fọ́.

Ẹni tó bá rò pé ìgbà náà ni ọrọ̀ Ìjẹ̀bú tán kò tíì mọ Ìjẹ̀bú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn tó ti jókòó sẹ́nu bodè láti ìran dé ìran dìde, wọ́n gba ọ̀nà tó ti ṣí náà, wọ́n gòkè lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó, ibi tí wọ́n sì dé ni wọ́n ti ń ṣòwò, tí wọ́n ń fi èrè rẹ̀ ránṣẹ́ sílé wá kọ́lé. Ẹ̀yìn ogun Ìmàgbọ̀n ni ọ̀pọ̀ nínú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí à ń rí wọ̀nyí dìde.

Aṣáájú wọn lójú tèmi ni ilé Balógun Odueyungbo Kuku ní Ìtalúpè. Jagunjagun ni Kuku, oníṣòwò ńlá ni pẹ̀lú, ó wà nínú ayé bodè, ó sì tún rí ayé tó tẹ̀lé e. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀nà tó gbà rìn la ogun àti òwò já ni Kuku wò kí ó tó sọ ilé rẹ̀ ní Ọlọ́runṣògo. Ní 1902 ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó di Bello Kuku, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì tẹ̀lé e. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀sìn Kristi ti kọ́kọ́ fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n òfin aya kan kò bá ilé tó kún bí tirẹ̀ mu. Ìtàn sì máa ń so Ojúde Ọba mọ́ orúkọ rẹ̀, ọdún tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ń fi aṣọ dára sí, tí àwọn ìdílé Balógun ń gẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ó kú ní 1907. Àwọn ará òkèèrè tí ń wá wo Ojúde Ọba báyìí pọ̀ lọ bí omi, mo sì máa ń fẹ́ rán wọn létí pé kí ẹṣin tó dé ojúde ààfin, ojúde ilé kan ni ó ti gbéra.

Ta ló kọ́ wọn ní irú ilé bẹ́ẹ̀? Àwọn Àgùdà ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì padà wá tẹ̀dó sí Èkó; wọ́n fi iṣẹ́ náà kọ́ àwọn ọmọ Èkó, iṣẹ́ náà sì tọ owó lọ sí ìgbèríko. Láti ojú ọ̀nà, ilé náà a jọ ti Brazil, pẹ̀lú fèrèsé tó tẹ̀ lókè bí òṣùmàrè, àti òdòdó tí wọ́n fi simẹ́ǹtì ṣe sára òpó. Bí o bá wọ inú rẹ̀ tán, agboolé baba rẹ ni o bá: ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gba gbogbo ẹbí, àgbàlá tí kànga wà, ilé ìdáná lẹ́yìn, àti sàréè ẹni tó kọ́ ọ nínú ilé gan-an. Nínú ilé tí mo lọ, ògiri amọ̀ ìsàlẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo na apá mi sí ojú fèrèsé, tí ìka mi kò fi kan ìta. Àkàbà rẹ̀ jẹ́ ti igi ìrókò. Ẹsẹ̀ ìran mẹ́rin ti jẹ àárín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ, ó ti di kòtò díẹ̀ bí ojú odó, tí ó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ àlejò fúnra rẹ̀ ń mọ ibi tí yóò tẹ̀.

Inú yàrá ìkẹ́rùsí yẹn náà ni mo ti rí gárawà méjì tó ti dípẹtà, tí wọ́n fi ọ̀kan bo èkejì lórí. Ìtàn gárawà yà mí lẹ́nu ju ti gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ní Wales ni wọ́n ti ń fi tánńganran bo irin pẹlẹbẹ, epo pupa láti ilẹ̀ wa sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, kí tánńganran náà lè lẹ̀ mọ́ irin dọ́gba. Títí di nǹkan bí 1890, Wales ni Amẹ́ríkà ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú irin alátánńganran tó ń lò. Wọ́n fi ṣe gárawà, wọ́n bu kẹrosíìnì sí i, wọ́n sì kó o káàkiri ayé. Kẹrosíìnì yìí, àti àwọn epo yòókù tí wọ́n ń fún láti ara epo rọ̀bì, wà lára ohun tó gba ipò epo pupa nínú fìtílà àti lára ẹ̀rọ, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn ọdún 1880 wọlé, owó epo tiwa ti já wálẹ̀ púpọ̀ ní Liverpool. Nígbà tí gárawà bá sì ti ṣófo, kí ni àwọn ìyá wa fi í ṣe? Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rọ epo pupa sí i, wọ́n sì sọ ọ́ di òṣùwọ̀n, títí dòní olónìí tí à ń ra epo ní gárawà kan, gárawà méjì.

Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901 láì gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù dé, Ejìnrìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́rọ́. Kòkó wá gorí àga epo. Ní 1902 kan náà tí Kuku di Mùsùlùmí ni wọ́n bí Tìmótì Adéọlá Odùtọ́lá ní Ìjẹ̀bú-Òde, akọ̀wé kóòtù tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tó lọ ṣòwò, tó ra kòkó àti ẹ̀kùrọ́, tó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Olú-Ìwà sílẹ̀ ní 1945, tó jẹ oyè Ọ̀gbẹ́ni Ọjà, tó sì dá ilé-iṣẹ́ táyà sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ ní 1967. Nígbà tí àwọn oníléeṣẹ́ ńláńlá Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1971, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ó pa ipò dà ní 1995. Ilé tirẹ̀ pẹ̀lú yẹ ní bíbẹ̀wò fún ẹni tó bá ti rí Ọlọ́runṣògo, kí ojú rẹ̀ lè rí ibi tí òwò Ìjẹ̀bú ti kúrò àti ibi tó dé láàárín ìgbà ayé ènìyàn kan.

Mo ti ronú púpọ̀ nípa Oloibiri, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí, níbi tí Shell-BP ti kan epo rọ̀bì tó ṣeé tà ní 1956. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ yóò rí irin orí kànga àkọ́kọ́ náà nínú igbó, kò ní rí ilé ọlọ́lá kan tí epo náà kọ́ fún ọmọ onílẹ̀. Ohun tó ya Oloibiri àti Ìjẹ̀bú-Òde sọ́tọ̀ ni ọwọ́ tí epo gbà kọjá. Ti Oloibiri gba inú páìpù lọ sí òkè òkun, ọmọ onílé kan kò fọwọ́ kàn án. Tiwa gba ọwọ́ akọ̀pẹ, ọwọ́ obìnrin ìdí ẹkù, orí ẹrú, ọwọ́ oníbodè, ọwọ́ alájàpá, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì lẹ̀ mọ́ ọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ olówó ló pọ̀ jù.

Ìdí nìyí tí inú mi fi ń bàjẹ́ bí mo bá rí ilé bẹ́ẹ̀ tí igi ọ̀dán ti fi gbòǹgbò la ògiri rẹ̀. Ọmọ tó jogún rẹ̀ ti di ọgọ́rùn-ún, wọ́n tú ká sí Èkó àti Ìlú Ọba, ẹyọ ẹnì kan kò lè dá a tún ṣe, ẹyọ ẹnì kan kò sì gbà kí a tà á. Ní Èkó, ilé àwọn Fernandez ní Ìta Tinúubú, tí ìjọba ti fi òfin dáàbò bò láti 1956, ni wọ́n wó palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ilé di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá wò, tí ẹbí bá fohùn ṣọ̀kan. Ní Ìkẹ́nnẹ́ ti Rẹ́mọ, ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti di ibi tí àlejò ń lọ wo ohun tó lò àti ibi tó sinmi sí. Ohun tí mo fẹ́ fún Ìjẹ̀bú-Òde kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí àwọn ìdílé ṣí ìlẹ̀kùn, kí wọ́n sì ṣí ti ẹ̀yìn pẹ̀lú ti iwájú, kí yàrá kéékèèké mẹ́fà yẹn má ṣe di ibi tí à ń fi aṣọ bò.

Kí n tó máa lọ, ìyá àgbà ní kí n bá òun ti ìlẹ̀kùn yàrá náà, nítorí ó ti wúwo jù fún òun. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi tì í, mo sì ti múra láti gbọ́ igbe rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ni ó yí wọ́rọ́wọ́, láì dún. Mo wo irin ìdè ìlẹ̀kùn náà, ó ń dán, àwọ̀ osùn díẹ̀ sì wà ní etí rẹ̀. "Mo máa ń kán an sí i," ni ìyá wí, "bí Iléyá bá ti ń bọ̀." Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi kí n rí i, epo pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.